Dísìkì Mẹ́fà àti Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àpótí dísìkì yẹn bí n kò bá sí níbẹ̀. Òjò àná ló fa gbogbo rẹ̀. Omi tún jò wọ yàrá ẹ̀rọ nísàlẹ̀, Olùdarí ilé ìwòsàn sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ lọ sókè lójú ẹsẹ̀. Èmi ti tẹ̀ lé Ẹ̀gbọ́n mi lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àpótí wúwo, àwọn tó ń gbé e kò lè gun àtẹ̀gùn, ni wọ́n bá yọ àwọn dísìkì inú rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Wọ́n yọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n gbé àpótí sókè, wọ́n ki dísìkì bọ̀ ọ́ padà, wọ́n tan iná sí i.

Nígbà tí mo dé, àpótí ń ké fíì-fíì. Olùdarí dúró níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

“Ìyá Ẹ̀rọ, ẹ káàbọ̀. Ó béèrè nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà, mo ti bá yín dá a lóhùn.”

“Kí ló béèrè, sà?”

“Ó ní ṣé kí òun tún ẹgbẹ́ dísìkì tò. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.”

Mo fa wáyà yọ lára ògiri. N kò tọrọ àyè.

Àwòrán ojú gbogbo ẹni tó ti gba ilé ìwòsàn wa kọjá láti ọdún mẹ́jọ ló wà nínú àpótí yẹn. Tọdún yìí nìkan ló ní ẹ̀dà níbòmíì. Ẹ̀dà ìyókù ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ń sọ fún mi pé a ó wò ó. Ó dáa, a ti ń wò ó báyìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún



Ọ̀gá Dókítà pe èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ojú òsì Ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́ láti kékeré. Ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń ríran, òun náà ló fi ń ránṣọ tó fi tọ́ mi dàgbà. Dókítà gbé àwòrán tuntun síwájú wa, ó fi ìka tọ́ ibi tí iṣan ojú ti gba ẹ̀yìn ẹyinjú lọ sí ọpọlọ. Ihò kan wà níbẹ̀. Ó ní ihò náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

“Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn,” ni Dókítà wí. “Àwọn kan wà tí tiwọn fẹ̀ láti inú ìyá wọn, tí wọ́n lò ó títí wọ́n fi darúgbó. Ó sì lè jẹ́ pé àìsàn ló ń jẹ iṣan yẹn díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, tí mo bá fi abẹ kàn án, èmi gan-an lè bà á jẹ́. Tó bá jẹ́ ti èkejì, tí n kò bá fi abẹ kàn án, á fọ́ fúnra rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Èwo ni kẹ́ ẹ wá ṣe, Dókítà?”

“Ojú kan ṣoṣo lẹ ní, mà. N kò lè fi abẹ méfò lórí rẹ̀. Àwòrán àtẹ̀yìnwá ni mo fẹ́. Tí ihò yẹn kò bá yí padà láti ọdún wọ̀nyí, a ó fi í sílẹ̀. Tó bá ń fẹ̀ sí i, a ó ṣe é kí n tó lọ.”

Lẹ́yìn náà ló wá wo èmi. Òun náà mọ ibi tí àwòrán yẹn wà. Ìparí oṣù yìí ni yóò rìnrìn àjò lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, ó sì di oṣù mẹ́rin kó tó dé. Kò sẹ́lòmíì tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn nítòsí wa.

Nígbà tí a jáde, Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Kékeré, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́. Ojú ló ń dùn mí, n kò tíì kú.” Kò sì dùn ún rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo ra dísìkì òfìfo láti fi ṣe ẹ̀dà. Owó tó ra méjì lọ́dún tó kọjá kò ra ẹyọ kan mọ́. Olùdarí fọwọ́ sí i láì wojú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Olùdarí wá bá mi lókè. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn jẹ́ ẹni tí kò lè rí ìbéèrè kó má dáhùn ni.

“Ìyá Ẹ̀rọ, dísìkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà níbí, ọ̀kan kò sọnù. Ẹ kàn so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ ka ohun tó wà nínú wọn.”

“Sà, kò sí àwòrán kan tó wà lódindi nínú dísìkì kankan. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Àpótí máa ń gé àwòrán wẹ́wẹ́ ni. Á fi ẹ̀yà àkọ́kọ́ sí dísìkì tó wà ní ojúlé kìíní, á fi èyí tó tẹ̀ lé e sí ojúlé kejì, títí ẹ̀yà márùn-ún á fi pé. Ẹnì kẹfà kì í gbé àwòrán. Àròpọ̀ àwọn márùn-ún ló ń gbé, pé bí ọ̀kan bá kú, ká lè ti ara ìyókù ṣírò ohun tó bá a lọ. Tó bá di ìlà kejì, ẹlòmíì lá gba àròpọ̀ gbé.”

“Bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń pín iṣẹ́ òru láàárín ara wọn.”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, sà. Ṣùgbọ́n àpótí àtijọ́ leléyìí. Kì í wo ojú dísìkì, ojúlé ló mọ̀. Ẹni tó bá bá nínú yàrá, òun ló ń pè ní onílé. Wọ́n ti pààrọ̀ yàrá mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sì mọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni tí mo wá tẹ̀ ńkọ́?”

Mo wá a tì bí mo ṣe máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. “Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àròpọ̀ tuntun lórí ètò tó dàrú, sà. Ó ń fi ìṣirò irọ́ pa ojúlówó rẹ́. N kò mọ ibi tó dé kí n tó fa wáyà.”

Ó jókòó sórí páálí.

Mo ń ṣe ẹ̀dà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí n óò fi ṣe é tán, n kò ní fọwọ́ kan ojúlówó fún ohunkóhun mìíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ fún ara mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀kan ti ń dún. Kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ kò tíì dé ìdajì tó fi kọ̀, ó ní òun kò lọ mọ́. Mo gbé e kúrò, mo fi aṣọ bò ó bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn tó kù tí n kò tíì dà kọ ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ra èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Tí ọ̀kan lára wọn bá tún bá ti àkọ́kọ́ lọ, kò sí àròpọ̀ tó lè gbà wá. Ẹni méjì kì í sá lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹgbẹ́ yìí kí ẹgbẹ́ ṣì dúró.

N kò jẹun lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Márùn-ún ti ní ẹ̀dà pípé! Ẹnì kẹfà, tó ń dún, ti dákẹ́ pátá, ṣùgbọ́n márùn-ún tó, bí mo bá ti mọ ojúlé oníkálukú. Mo jó díẹ̀ nínú yàrá, èmi nìkan. Ooru mú gan-an, fáànù kò sì ṣiṣẹ́.

Mo ya ilé Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó bóyá yóò tàsé. Ó bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Ṣé o ti wá ṣọ́ mi ni?” Mo ní mo wá mu omi ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èrò mi ni pé ẹ̀ṣẹ̀ òdo ni. Ẹni tó kọ nọ́ńbà síwájú àpótí ka yàrá láti ení; ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń kà á láti òdo. Ojúlé kìíní lójú wa, ojúlé òdo ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Mo gbà pé ńṣe ni wọ́n fi ọ̀kan ṣíwájú nígbà tí wọ́n ń dá wọn padà. Mo tò ó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀dà, kò bára mu. Mo fi ọ̀kan ṣẹ́yìn, kò bára mu. Mo dojú ẹ̀ kodò, kí ti ìkẹyìn ṣáájú. Rúdurùdu.

Bẹ́ẹ̀ ni tí Olùdarí tẹ̀ ti jẹ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn dísìkì náà, ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ẹni tí wọ́n jẹ́ sí. Ọ̀nà tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni a lè gbà to nǹkan mẹ́fà. N kò sì tíì mọ bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà máa sọ ọ́ lẹ́nu: ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìyá Oògùn, tó ń tọ́jú yàrá oògùn wa, gbé omi tútù wá fún mi lókè. Ó dúró, ó ń wo dísìkì tí mo tẹ́ sórí tábìlì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n ti gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu?”

“Rárá, mà. Wọn kò tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà.”

“Ta ni kò tò wọ́n?” Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. “Èmi ni mo tò wọ́n! Àwọn tó gbé àpótí kàn da gbogbo rẹ̀ sórí àga ni. Èmi ni mo fi aṣọ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tò wọ́n bó ṣe yẹ.”

Mo rọra gbé ife kalẹ̀. “Báwo lẹ ṣe tò wọ́n, mà?”

“Bí a ṣe ń to oògùn. Ẹ rí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára wọn yìí? Èyí tó pẹ́ jù, tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́, òun ló máa wà níwájú kí wọ́n lè tètè lò ó. Èyí tó jẹ́ tuntun, ẹ̀yìn ni. Àwọn tí ọjọ́ wọn dọ́gba, mo kàn fi wọ́n sáàárín bí ọwọ́ mi ṣe bà wọ́n.” Ó tún fi kún un pé, “Bí mo ṣe bá wọn lórí àga rí wúruwùru. Tuntun wà láàárín, àgbà wà lẹ́yìn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín di ẹkún. Obìnrin náà dì mí mú, ó ní, “Kí ni mo ṣe?” Mo ní ẹ kò ṣe nǹkan kan, mà, ẹ ṣe dáadáa. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Yàrá oògùn rẹ̀ ni yàrá tó wà létòlétò jù nínú ilé ìwòsàn yìí.

Ó kéré tán, mo ti mọ̀ pé bó ṣe wà nínú àpótí báyìí kò lè ṣamọ̀nà fún mi rárá. Ọjọ́ méjì ni mo ti fi tẹ̀ lé òdo àti ení.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ti bàjẹ́, àárín ṣì wà. Mo bu ẹ̀yà jáde láti àárín dísìkì kọ̀ọ̀kan, mo ní kí kọ̀ǹpútà yà á bí àwòrán. Púpọ̀ kò ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìlà pupa kan fara hàn, tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, ó sì gé sí etí; ibi tó gé sí ló jẹ́ kí n mọ bí ẹ̀yà kan ṣe tóbi tó. Mo mọ̀ ọ́n. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú ni.

Mo sáré lọ pe Fọ́tò.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Fọ́tò ni ayàwòrán ojú wa. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo àwòrán yẹn ti jáde. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó ọ̀rọ̀ fún, àmọ́ látàná tó ti jókòó síwájú ẹ̀yà wọ̀nyí, ó ti dákẹ́. A tẹ̀ wọ́n sórí bébà, a tẹ́ wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a bọ́ bàtà, a ń tẹ àárín wọn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún.

“Ẹ̀jẹ̀ kì í fò,” ni Fọ́tò wí. “Ibi tó bá ti kúrò ní etí bébà yìí, ibẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ gbà wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó, eléyìí yà sí méjì. Ẹ bá mi wá èyí tó ní ẹnu méjì.”

Mo bá a wá a. Ó wà lórí dísìkì tí a pè ní Àgbà. Ti Àgbà bọ́ sórí Tuntun. Ti Tuntun bọ́ sórí Ẹlẹ́rẹ̀ẹ̀, tí etí rẹ̀ dọ̀tí.

Ó gbé ọ̀kan sókè. “Eléyìí kì í ṣe ojú. Pàǹtírí ni.”

“Má jù ú nù! Àròpọ̀ nìyẹn.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lọ́wọ́. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, pàǹtírí ti kúrò níbẹ̀, ó ti bọ́ sórí ẹnì kejì rẹ̀. Bí iṣẹ́ òru àwọn nọ́ọ̀sì ló ṣe ń yí ká.

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, a ti mọ ẹni tó tẹ̀ lé ẹnì kejì, gbogbo wọn, títí kan àyè ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n òbìrìkìtì ni. A mọ bí wọ́n ṣe di ọwọ́ ara wọn mú, a kò mọ ẹni tó jẹ́ olórí. Ọ̀nà tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ti di mẹ́fà.

Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù pè. Ó ní kí n má gbàgbé pé mo lọ́mọ nílé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Inú balùwẹ̀ ni mo wà tó fi sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ Ìyá Oògùn ni: tuntun wà láàárín. Tuntun kò bá àwọn yòókù wá. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kì í bọlé nígbà tí ọ̀kan kú lọ́dún tó kọjá. Irin ẹnu yàrá yẹn sì ya mí lọ́wọ́, èyí tó wọ́ ní ojúlé kẹta, tí mo ti ń sọ pé kí wọ́n bá mi tún ṣe. Mo lọ wo àpótí. Ojúlé kẹta ni irin ṣì wọ́. Ìyẹn ni pé ojúlé kẹta lójú èèyàn, èkejì lójú ẹ̀rọ, ni Tuntun ń gbé.

Mo fi Tuntun síbẹ̀, mo jẹ́ kí àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e ká bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tò wọ́n. Mo ní kí kọ̀ǹpútà fi àròpọ̀ dí àyè ẹni tó kú. Mo pa ojú mi dé.

Fọ́tò kígbe. Ojú ńlá kan wà níwájú wa, pupa bí oòrùn àṣálẹ́, ó pé, kò sí ibi tó ti fọ́. N kò mọ ẹni tó ni ín. Olúwa rẹ̀ kò mọ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

A rí àwòrán Ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ti lọ, “bẹ́ẹ̀ ni” tí Olùdarí tẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ọdún márùn-ún ṣẹ́ kù, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, torí mo máa ń wọ́ Ẹ̀gbọ́n mi wá ní tipátipá. N kò wò wọ́n. Ojú mi kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ọkàn mi kò sì gbà á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Dókítà tò wọ́n sórí ògiri láti òsì sí ọ̀tún. Kò ní láti ṣàlàyé. Ẹni tí kò kàwé rárá á rí i. Ihò náà kéré lọ́wọ́ òsì, ó ń fẹ̀ bọ̀, ó ń fẹ̀ bọ̀, èyí tó kẹ́yìn ló sì fẹ̀ jù.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí àwòrán jáde. N kò rántí bẹ̀ ẹ́ nípa ohun tó wà nínú àwòrán. Mo bínú sí ara mi, mo bínú sí àpótí, mo tilẹ̀ bínú sí Fọ́tò tó ń rẹ́rìn-ín lánàá. Mo jìyà, mo ṣe làálàá, láti lọ gbé ìròyìn burúkú wá bá ẹni tó tọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Dókítà, tí wọn kò bá rí ìwọ̀nyí ńkọ́?”

“À bá dúró dìgbà tí mo bá dé, mà, ká tún ya òmíràn.”

“Títí dìgbà yẹn, ìwọ̀nba tó kù ńkọ́?”

Dókítà fi ìka tọ́ àwòrán tó kẹ́yìn.

“Ẹ ṣe é,” ni Ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ẹ ṣe é lọ́la.” Ó wá yíjú sí mi. “Ìwọ náà, jókòó. O ń dí mi lójú.”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti gbé e wọlé. Òjò ń rọ̀. N kò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àárọ̀ ni Dókítà tú báńdéèjì. Ó kìlọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án pé ojú kò ní ríran kedere fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ yìí kò lè dá èyí tó ti lọ padà, èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Mo di irin ibùsùn mú.

Ẹ̀gbọ́n mi la ojú. Ó wo òrùlé. Ó wo ògiri. Ó wo ìhà ibi tí mo dúró sí, ó gbé ojú kúrò lára mi. Ojú rẹ̀ lọ sára Dókítà, ó dúró síbẹ̀. Ó ń ṣẹ́jú.

“Ẹ ń rí mi, mà?” ni Dókítà béèrè.

“Ó ń ṣe bàìbàì.”

“Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Kí lẹ rí?”

Ó tún ṣẹ́jú, ó na ìka. “Dókítà, ẹ má bínú sí mi o. Ta ló rán kóòtù yìí fún yín? Apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ.”

Dókítà na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi wọ́n wéra. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì í náà tẹ orí wá, ó wò ó. Òótọ́ ni.